Ìlà funfun lójú òkun: ṣé èéfín ọkọ̀ ni àbí ìkùukùu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wo àwòrán ojú òkun tí sátẹ́láìtì yà, mo sì rí àwọn ìlà funfun tóóró, gígùn, tí wọ́n ń dábùú ara wọn. Ẹnìkan ní èéfín ọkọ̀ ojú omi ni. Ṣé èéfín lè funfun báyẹn? Olùkọ́ ni mí, mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ìdáhùn: Ìkùukùu lẹ rí. Àmọ́ ẹni tó ní èéfín ni kò kúkú purọ́, torí èéfín ọkọ̀ ló fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí ooru omi bá ti gòkè tó sì tutù, ó di ìkùukùu nìyẹn. Kò yá tó bẹ́ẹ̀. Omi máa ń wá nǹkan tí yóò lẹ̀ mọ́. Nínú afẹ́fẹ́ tí kò ní ẹyọ eruku kan, ooru omi ní láti tó bí ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ lè gbà kí ẹ̀kán omi tó lè dá ara rẹ̀ dá, ìyẹn kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójú sánmà. Lọ́dún 1880, John Aitken, ará Scotland, tú ooru omi sínú ìkòkò dígí méjì. Èyí tó ní afẹ́fẹ́ lásán nínú ṣú bí kùrukùru. Èyí tó ti sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò kò yí padà rárá.

Lójú òkun, iyọ̀ tí ìgbì ń ta sókè wà lára ohun tí omi ń lẹ̀ mọ́. Àwọn ewéko wíńníwíńní inú omi náà ń tú gáàsì kan tó ní imí ọjọ́ nínú sílẹ̀ (ó wà lára ohun tó ń mú kí òkun máa rùn bó ṣe ń rùn un), gáàsì yìí á sì di ègé kéékèèké lófuurufú. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́. Nínú ààyè tó tó orí ìka kékeré, irú ègé bẹ́ẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tó lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ilẹ̀ tí èéfín ti pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ wá gbà kọjá. Èéfín rẹ̀ ní imí ọjọ́ nínú, èyí náà á sì di ègé kéékèèké tí omi ń lẹ̀ mọ́. Omi inú ìkùukùu kò pọ̀ sí i o, àwọn tó ń pín in ló di púpọ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì kéré sí i. Ẹ wo dígí: lódidi, ojú ń là á kọjá, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, á funfun. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà yẹn ṣe ń tàn ju ìkùukùu tó yí i ká lọ.

Òjò náà lè pẹ́ kó tó rọ̀, nítorí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ẹ̀kán ìkùukùu ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan, àwọn tó kéré jù kì í sì í tètè kọlu ara wọn. Mi ò ní sọ pé gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀: tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá wọlé, àwọn kéékèèké yìí ló ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ibi tí ìkùukùu bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ nítòsí omi, bí etíkun Kalifóníà tàbí Nàmíbíà, ni ìlà náà ti ń hàn jù. Látìgbà tí IMO, àjọ tó ń ṣòfin fọ́kọ̀ ojú omi lágbàáyé, ti dín imí ọjọ́ inú epo wọn kù láti ìdá 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2020, ó ti ṣọ̀wọ́n sí i gidigidi.

Ní kíláàsì, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sínú ike tó ṣeé fún, ẹ dé e, ẹ fún un, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bóyá lẹ ó fi rí nǹkan kan. Ẹ wá ṣá ìṣáná, ẹ fẹ́ ẹ pa, kẹ́ ẹ jù ú sínú ike náà bó ṣe ń rú èéfín. Ẹ tún dé e, ẹ fún un, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: inú ike á ṣú. Tẹ́ ẹ bá tún fún un, á mọ́ kedere. Àwọn ọmọ á fẹ́ máa ṣe é lọ títí omi á fi tutù.