Ìbéèrè Tíṣà Kan: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Fi Ọgbà Ẹranko Kọ́ Àwọn Ọmọ Nípa Ìwà Ọ̀bọ àti Ìnàkí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà láàárín ọdún 14 sí 16. Lọ́dún tó kọjá mo kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko torí à ń kọ́ nípa ìwà ẹranko, mo ní kí wọ́n wo àwọn ọ̀bọ dáadáa kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ò ju "ó ń fò, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa" lọ. A tún fẹ́ lọ, àwọn ọmọ 36. Kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè kọ́ nǹkan gidi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ gan-an tíṣà, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín jù, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, "ó ń rẹ́rìn-ín sí wa". Ọ̀bọ tó fa ètè sẹ́yìn, tó pa eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ wá hàn síta, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín o, ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí kó máa sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé òun ò bá a jà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee àti lára àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní macaque. Tó bá jẹ́ eré ló ń ṣe lóòótọ́, ńṣe ló máa la ẹnu sílẹ̀ láìfún ojú pọ̀, ètè sì sábà máa ń bo eyín òkè. Ìyẹn ni pé ọmọ tó kọ "ó ń rẹ́rìn-ín" rí nǹkan náà, ojú rẹ̀ ò fọ́, ìtumọ̀ tó fún un ni kò bọ́ sí i. Ẹ̀bi ọmọ kọ́. "Ẹ wò ó dáadáa" tá a máa ń sọ fún wọn ò sọ ohun tí wọ́n máa wò, àwọn àgbà kúkú ti ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú yíyí gbogbo ọgbà ká. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, àwọn ọmọ máa fẹ́ rí kìnnìún, wọ́n á fẹ́ rí ejò, ẹ fi ìyẹn sí ìparí. Ẹ mú ibi kan ṣoṣo, méjì tó bá pọ̀ jù, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ wá ibi tí ẹranko márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà pọ̀, tó bá ní ọmọ kékeré láàárín wọn á tún dáa sí i, torí ibi tí ọmọ bá wà ni eré wà, ibẹ̀ ni ìyá tó ń fà á padà wà, ibẹ̀ náà ni àwọn tó fẹ́ bá a gbé e máa wà. Ẹ pe ọgbà náà ṣáájú kẹ́ ẹ bá olùtọ́jú ẹranko sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé mélòó ni wọ́n, ta ló bí ta, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, aago mélòó ni wọ́n ń jẹun, báwo lèèyàn ṣe lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n kọ sára pátákó lọ. Kẹ́ ẹ sì tètè dé o, torí lọ́sàn-án gangan ọ̀pọ̀ wọn máa ń sinmi ni.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jọ ṣe ohun tí àwa tó ń ṣèwádìí ìwà ẹranko ń pè ní ethogram ní kíláàsì. Kì í ṣe nǹkan ńlá, ìwé kan báyìí ni tá a kọ orúkọ ìṣe kọ̀ọ̀kan sí, tá a wá kọ ohun tójú máa rí síwájú ẹ̀. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó: jíjẹun, rírìn, sísinmi, yíyẹ irun ẹlòmíì wò, yíyẹ irun ara ẹni wò, ṣíṣeré, híhalẹ̀, yíyẹra fún ẹlòmíì, àti "mi ò rí i" (ẹ má yọ èyí o, torí ó máa wọ ẹ̀yìn igi dandan, ọmọ tí kò bá ní ibi tó máa kọ ìyẹn sí á wá nǹkan tó wù ú kọ síbẹ̀). Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú ò gbọ́dọ̀ wọ ìwé yẹn. "Ó ń bínú" ò wọlé. "Ó tẹjú mọ́ èkejì, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀" ló wọlé. "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn" ò wọlé, "ó jókòó tì í, ó ń fi ìka ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ wò" ló wọlé. Ìtumọ̀ máa wá tó bá yá, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé lọ́jọ́ yẹn á bo ohun tójú rí mọ́lẹ̀. Ẹ fi fídíò dánra wò, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wo ọmọ kíláàsì wọn kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa rí i bí wọ́n á ṣe máa bára wọn jiyàn, ìjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ojú èèyàn máa ń sáré lọ síbi tí ariwo bá wà. Tí chimpanzee méjì bá jà fún ogún sẹ́kọ́ǹdì, gbogbo ọmọ á kọ "wọ́n máa ń jà gan-an", wọ́n á sì gbàgbé ogójì ìṣẹ́jú tí gbogbo wọn fi jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dún 1974 ni obìnrin onímọ̀ kan, Jeanne Altmann, tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní baboon, kọ àpilẹ̀kọ kan tó tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí èèyàn ṣe lè wo ẹranko láìjẹ́ kí ojú tan òun báyìí, títí dòní ọ̀nà rẹ̀ la ṣì ń lò. Èyí tó rọrùn fún àwọn ọmọ yín ni pé kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì, ọmọ 36 á di ẹgbẹ́ 18. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹranko kan ṣoṣo. Ẹnì kan ń wò, ẹnì kejì di táìmà fóònù mú, tí ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì bá ti pé á ní "ó yá!", ẹni tó ń wò á sọ ohun tí ẹranko náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, kì í ṣe ohun tó ṣe ṣáájú, ẹni tó di fóònù á sì fi bírò sàmì sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá á fún wọn ní àmì 20, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tún ṣe òmíràn. Tí 9 nínú 20 bá jẹ́ yíyẹ irun ẹlòmíì, wọ́n lè sọ pé ó fi nǹkan bí 45% àkókò yẹn ṣe é, nọ́ńbà ti wá di ohun tí àwọn fúnra wọn rí, kì í ṣe ti inú ìwé mọ́.

Kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjì wo ẹranko kan náà láìbára wọn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìwé wọn wéra. Tí 16 bá bára mu nínú 20, ìyẹn 80%, ó dáa. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ṣàpèjúwe ìṣe yẹn ni kò ṣe tààrà, ẹ tún un kọ. Mi ò mọ ọ̀nà míì tó tètè jẹ́ kó yé ọmọ pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí èmi rò.

Tí ìjà bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ yan ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìyẹn, kí wọ́n má tẹ̀ lé ìjà náà nìkan, kí wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó parí. Ọgbà ẹranko Arnhem ní Netherlands ni Frans de Waal, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, ti ṣe ohun tí mò ń sọ yìí, òun àti Angeline van Roosmalen gbé e jáde lọ́dún 1979, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn chimpanzee tó bára wọn jà máa ń wá ara wọn rí lẹ́yìn ìjà, wọ́n á fẹnu kora wọn lẹ́nu, wọ́n á tún bọ́ sídìí yíyẹ irun ara wọn. Ìparí ìjà! Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí àwọn kan bá ní kò sí nǹkan gidi téèyàn lè kọ́ nínú ọgbà ẹranko.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ohun tí wọ́n rí nínú ọgbà ni gbogbo ìwà ẹranko náà. Lọ́dún 1925, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù kó nǹkan bí 100 baboon irú tí wọ́n ń pè ní hamadryas sórí òkè kan tí wọ́n fi àpáta ṣe, akọ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, abo tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan. Ìjà àjàkú akátá ló bẹ́ sílẹ̀, àwọn akọ ń já abo gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ kú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Solly Zuckerman, kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́dún 1932, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé bí ọ̀bọ ṣe rí nìyẹn, ẹhànnà. Ó di ìgbà tí onímọ̀ míì, Hans Kummer, lọ wò wọ́n nílé wọn ní Ethiopia láwọn ọdún 1960 kí ó tó hàn pé akọ kọ̀ọ̀kan ní abo tirẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e, àwọn akọ yòókù sì sábà máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn tó kó wọn pọ̀ báyẹn ló da ìjà sílẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí ọmọ kọ sí òkè ìwé rẹ̀ nìyẹn: ṣé ìwà ẹranko yìí ni mò ń wò, àbí ìwà ibi tí wọ́n fi í sí? Tí wọ́n bá rí èyí tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà láìdúró, tó ń fa irun ara rẹ̀ tu, tàbí gòrílà tó ń pọ oúnjẹ tó ń tún un jẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́ bi olùtọ́jú pé kí ló fà á, kì í ṣe kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orangutan, ìnàkí onírun pupa yẹn, tó dá jókòó ní tiẹ̀ yàtọ̀ o, nínú igbó náà dídá wà ló mọ́ ọ lára.

Nǹkan kan wà tí àwọn tíṣà máa ń fò, òun ló sì ń da ọjọ́ náà rú. Ìdí abo chimpanzee àti baboon máa ń wú, á pọ́n, nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò tó lè lóyún, wọ́n sì lè gun ara wọn níwájú àwọn ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní kíláàsì láìfi bò, ẹ ṣàlàyé ohun tó wà fún. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ni. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ìdajì wákàtí ti lọ.

Ọmọ tí òtútù tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kó dúró sílé o, mo mọ̀ pé á dùn ún. Lọ́dún 2013 nínú igbó Kibale ní Uganda, kòkòrò ọ̀fìnkìn tó ń ṣe èèyàn, rhinovirus C, pa chimpanzee márùn-ún nínú àwùjọ kan. Kí wọ́n má lu gíláàsì, kí wọ́n má jù oúnjẹ, kí wọ́n má sì tẹjú mọ́ gòrílà tàbí kí wọ́n ṣí eyín sí i, torí ìhàlẹ̀ ni títẹjú mọ́ni jẹ́ fún un. Lóṣù karùn-ún ọdún 2007, gòrílà Bokito fò jáde nínú ọgbà ẹranko Rotterdam, ó sì ṣe obìnrin kan léṣe, obìnrin náà ló máa ń wá wò ó léraléra, ó máa ń wò ó lójú, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ó gbà pé ọ̀rẹ́ òun ni. Kí àwọn ọmọ máa wo gòrílà láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, ó ti tó.

Ọ̀kan tó kù, ẹ fi ìlà kan kún ìwé àmì yẹn, kẹ́ ẹ kọ "ta ló wà nítòsí rẹ̀?" sí i. Mi ò kì í fi í sí i tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo kó lọ nígbà kan wo abo chimpanzee àgbà kan, 17 nínú 20 àmì rẹ̀ jẹ́ sísinmi, ojú ń tì í láti ka tiẹ̀ torí àwọn yòókù rí eré àti ìjà. Mo ní kó ka nǹkan tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo ní kó kọ ọ́. Nínú gbogbo 17 yẹn, abo kan náà ló jókòó síbi tí ọwọ́ ti lè tó o, bí àgbà yìí bá dìde lọ síbòmíì, tọ̀hún náà á dìde. A bi olùtọ́jú. Ó ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, wọ́n jọ dé ni.