Ẹ̀gbọ́n Ló Ń Rú Òfin Gúrúùpù, Kí Ni Kí Ádímínì Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi ni ádímínì gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jọ ka sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn sẹ́tì tó ṣáájú wa náà wà ńbẹ̀. Mo kọ òfin síbẹ̀ pé a ò fẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù, a ò fẹ́ òṣèlú, a ò fẹ́ ìpolówó. Àbúrò wa kan polówó bàtà, mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n kan wà, kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń da fídíò àti "fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá" sílẹ̀, á tún máa bú àwọn tí ò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú tiẹ̀. Mi ò lè bá a wí torí òun ló dáwó jù nígbà tá a gbẹ́ kànga síléèwé. Wọ́n ti ń sọ pé mò ń ṣojúsàájú. Kí ni kí n ṣe?
— Ádímínì tọ́rọ̀ sú, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà o. Àmọ́ àwọn tó ní ẹ̀ ń ṣojúsàájú ò purọ́ mọ́ yín. Ọmọ tó gbé bàtà wá ò gba ìkìlọ̀ kankan, ẹni tó ń bú èèyàn lójoojúmọ́ lẹ wá ń wò níran nítorí owó kànga. Lónìí yìí kẹ́ ẹ pe ọmọ yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí ẹ̀ fún gbogbo gúrúùpù.

Ohun tó tún dùn mí nínú lẹ́tà yín ni "mo kọ òfin". Ẹ̀yin nìkan? Ẹ gbé e padà sáàárín gbogbo yín, kí wọ́n dìbò sí i, kó má pọ̀, kí ìjìyà sì wà lára ẹ̀: ìkìlọ̀ ní kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, pípa mẹ́sééjì rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, yíyọ fọ́sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kẹta. "Ẹ má sọ ìsọkúsọ" kì í ṣòfin, torí ohun tó jẹ́ ìsọkúsọ létí yín lè dùn létí ẹlòmíì. Ohun tójú rí ni kẹ́ ẹ fi ṣòfin. Ẹ wo mẹ́sééjì tó ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá, WhatsApp máa ń fi ọfà méjì sórí ẹ̀, àtọdún 2020 ni wọn ò ti jẹ́ kéèyàn fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ lófin pé ọlọ́fà méjì ò gbọdọ̀ wọlé, kò ní sí àríyànjiyàn, gbogbo ojú ló rí ọfà. Ìpolówó ní tiẹ̀, ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún un, èèyàn yín ló ń jẹun ńbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bá a wí lójú gbogbo ayé o, ẹ má sì kọ̀wé sí i, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, kẹ́ ẹ wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, a ti jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ fọ́wọ́ọ̀dù yìí, ojú yín làwọn àbúrò yín ń wò." Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa gbọ́, wọn ò kàn rí ẹni tó fọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún wọn ni. Tó bá tún ṣe é, ẹ pa á rẹ́. Láti 2022 ni ádímínì ti lè pa mẹ́sééjì ẹlòmíì rẹ́ fún gbogbo gúrúùpù, ṣùgbọ́n wọ́n máa rí i pé ádímínì ló pa á, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi gbọdọ̀ dá nìkan ṣe é. Ẹ fi ádímínì méjì kún ara yín, kí ọ̀kan jẹ́ sẹ́tì ẹ̀gbọ́n yẹn gangan, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló lè sọ fún un pé "ìwọ náà, ó tó gẹ́ẹ́." Tó bá wá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ yọ ọ́ fọ́sẹ̀ kan bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ẹnikẹ́ni, iléèwé ló dáwó fún, kò ra gúrúùpù.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí lásìkò ìbò 2023 ojú wa rí i, àwọn tó ti ń bára wọn bọ̀ láti kékeré ò kíra wọn mọ́. Tí ìjà bá bẹ́ lóru, ẹ ti gúrúùpù kó jẹ́ ádímínì nìkan láá lè kọ̀wé, kẹ́ ẹ kọ aago tẹ́ ẹ máa ṣí i síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí i láago yẹn gan-an.