Ṣé mo lè fúnra mi dín líle tírígà (ibi tá à ń fi ìka fà tí ìbọn fi ń yìn) ìbọn ọdẹ Remington 700 kù?

Ó ṣe é ṣe ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọta kúrò kí ẹ fọ inú tírígà yẹn, torí òróró tó ti gan mọ́ eruku ló máa ń jẹ́ kó le nígbà míì. Fún ìbọn ọdẹ, kí agbára tí ìka máa fi fà á tó bíi pọ́n-ùn 3 ti tó, kó má rọ̀ jùyẹn lọ. Tó bá jẹ́ èyí tó ní tírígà X-Mark Pro, ẹ má tíì fọwọ́ kan síkírù kankan tí wọ́n fi ń dín líle ẹ̀ kù, ní 2014 ni Remington tó ṣe é ní kí àwọn tó rà á dá a padà fún àtúnṣe torí ó lè yìn fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ìbọn òfìfo o, ẹ kọ́ ọ, ẹ fi ìdí ẹ̀ gbá rọ́bà nílẹ̀, tó bá já fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fa tírígà, ẹ gbé e fún gunsmith, ìyẹn ẹni tó ń tún ìbọn ṣe.