Ẹ Béèrè Ká Dáhùn: Ara Bàbá ń lọ́, ṣé oògùn Parkinson ló fà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti lé ní 70, ó ti tó bí ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń lo levodopa fún Parkinson. Oògùn yẹn ló gbé wọn dìde nígbà yẹn, torí wọn ò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù wọn mọ́. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, ọrùn wọn máa ń yí, èjìká á máa gbọ̀n sókè sódò, ẹsẹ̀ á máa jà bí ẹni tó ń jó lórí àga. Àǹtí wa ní oògùn ló ń ba Bàbá jẹ́, ká dá a dúró, pé ká ní a ò tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni kò ní rí báyìí. Kí la máa ṣe? (Ọmọ Bàbá, Òṣogbo)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ọmọ Bàbá, Ọlọ́run á fún Bàbá lálàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yẹn dúró. Ẹni tó bá ṣàdédé já levodopa sílẹ̀, ara ẹ̀ lè gan pátápátá, kó máa gbóná janjan, kó má mọ ibi tó wà mọ́, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún Àǹtí, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ṣá, oògùn yẹn lọ́wọ́ nínú ara tó ń lọ́. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe nǹkan tí wọ́n ń pè ní dopamine, òun ló ń jẹ́ kí ara gbọ́ tiwa tá a bá ní kó rìn tàbí kó dìde, Parkinson sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn díẹ̀díẹ̀. Levodopa ni ọpọlọ máa ń sọ di dopamine. Níbẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó kù ṣì lè fi pamọ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ lò, bí ilé tó ní tanki omi ńlá lókè, iná lọ iná dé, omi ò ní dá. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú lọ púpọ̀, kò sí tanki mọ́, ìgbà tí oògùn bá wọlé omi á ya, ara á máa yí, tó bá sì tán lára gbogbo ẹ̀ á gbẹ, Bàbá á tún gan.

Pé ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló fà á. Wọ́n ti wádìí ìyẹn, ìtòsí wa níbí ni wọ́n sì ti wádìí ẹ̀. Àwọn oníwádìí fi àwọn aláìsàn ní Ghana wé àwọn ti Italy, èsì ẹ̀ jáde ní 2014. Ní Ghana, àwọn èèyàn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí levodopa lò, ó máa ń lé ní ọdún 4 lẹ́yìn tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ti Italy ò ju ọdún 2 lé díẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ títètè bẹ̀rẹ̀ ló ń fa ara lílọ́, ó yẹ kí ti àwọn ará Ghana pẹ́ gan-an kó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọdún tí àìsàn ti wà lára kí ara tó máa lọ́, bákan náà ló rí níbi méjèèjì, bí àìsàn ṣe pẹ́ tó àti bí oògùn tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó ló jà jù. Àwọn tó dúró yẹn, ọdún tí wọn ì bá fi rìn lọ sọ́jà, tí wọn ì bá fi ṣiṣẹ́ ara wọn, inú ilé ni wọ́n fi jókòó sí, wọn ò sì rí èrè kankan jẹ níbẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, torí títí di òní mo ṣì ń gbọ́ "ẹ jẹ́ ká fi oògùn yẹn pamọ́ dìgbà tó bá le".

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ aago sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bíi: aago 8 Bàbá lo oògùn, aago 9 ku díẹ̀ ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́, aago 9 ààbọ̀ ọrùn ń yí, aago 11 ó ti sinmi, aago 12 ku díẹ̀ wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí oògùn ọ̀sán ò tíì yá. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé yẹn máa ṣe dọ́kítà láǹfààní ju kẹ́ ẹ kàn ní "ara Bàbá ń lọ́" lọ, torí tó bá jẹ́ ìgbà tí oògùn kún ara ló ń yí, ó lè pín in sí kékeré kékeré kí wọ́n máa lò ó léraléra, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí oògùn ń tán lára ló ń ní wàhálà. Ẹ bi í nípa amantadine náà. Oògùn fulú ni tẹ́lẹ̀ o! Ní 1968 obìnrin kan tó ní Parkinson ń lò ó ní Amẹ́ríkà torí fulú, ló bá sọ fún dọ́kítà ẹ̀ pé ara òun fúyẹ́, pé nígbà tí òun dá a dúró gbogbo ẹ̀ tún padà. Lónìí ó wà lára ohun tí wọ́n ń lò jù fún ara lílọ́ yìí. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn ṣá, ó lè da orí àgbàlagbà rú, tí kíndìnrín ò bá sì dáa àfi kí dọ́kítà ṣọ́ra.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹran tàbí mọ́ínmọ́ín gbé oògùn náà mì, purotéènì máa ń bá a du ọ̀nà, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ló dáa.

Àbúrò mi ọkùnrin ní àìsàn ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló kọ́kọ́ wà, asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń fún un, ó balẹ̀ àmọ́ ó ń rìn bí igi. A gbé e lọ ọsibítù, abẹ́rẹ́ ló ń gbà lóṣooṣù láti bí ọdún mẹ́fà. Orí ẹ̀ pé báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ń jẹ nǹkan tí ò sí níbẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ń yọ. Ṣé Parkinson ni? Ẹnì kan ní ká ra Artane fún un. (Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìrọ́jú. Ti ẹnu yẹn kì í ṣe Parkinson, ó jọ ohun tí àwọn dọ́kítà ń pè ní tardive dyskinesia. Abẹ́rẹ́ àti oògùn bíi Modecate, haloperidol, Largactil, ẹnu ọ̀nà dopamine ni wọ́n ń dí, tó bá pẹ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣejù. Ẹ má ra Artane. Ara gígan àti gbígbọ̀n ni ìyẹn wà fún, ti ẹnu tó ń jẹ yìí, ó lè mú un burú sí i. Ẹ má sì já abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí àìsàn orí má padà dé. Ẹ lọ bá dọ́kítà, ẹ bi í bóyá ó lè dín in kù, tàbí kó yí i sí oògùn orí míì bíi clozapine. Láti 2017, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn méjì fún un gan-an, valbenazine àti deutetrabenazine, owó wọn ló ga.

Rírìn bí igi yẹn ńkọ́? Asofẹ́yẹjẹ ní reserpine nínú, reserpine sì ń tú dopamine ọpọlọ dànù. Ní 1957, oníwádìí kan, Arvid Carlsson ní Sweden, fún ehoro ní reserpine, wọ́n kú sára, wọn ò lè mira, ó wá fún wọn ní dopa, ìyẹn ohun tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú Parkinson tá a ní lónìí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún un ní Nobel ní 2000.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Plasil ṣe oògùn inú rírú lójoojúmọ́, ẹnu ọ̀nà dopamine lòun náà ń dí o. Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ láti 2009 pé kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ.

Mo ń gbé Peckham, mo ní Parkinson. Àwọn kan ń ta ìyẹ̀fun wèrèpè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ó sàn ju tòyìnbó lọ, kì í mú ara lọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Bàbá Ìbejì)

Bàbá, irọ́ kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Levodopa wà nínú èso wèrèpè lóòótọ́. Ní London tẹ́ ẹ wà yẹn, wọ́n dán an wò lára èèyàn 8, èsì ẹ̀ jáde ní 2004, ó ṣiṣẹ́ kíá ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì mú ara lọ́ ju tiẹ̀ lọ. Ní Bolivia náà, nígbà tí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan péré lára èèyàn 18, ó dáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá fún èèyàn 14 láti máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, ìdajì wọn ò lè parí ẹ̀, inú ń dà wọ́n láàmú, àwọn míì ń burú sí i.

Mo gbàgbọ́ nínú wèrèpè fún ibi tí levodopa ò ti sí rárá, mo sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú níbí, torí èèyàn wa púpọ̀ ni ò lágbára oògùn. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba tábúlẹ́ẹ̀tì ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá da ìyẹ̀fun lé e, levodopa á di ìlọ́po, ara á lọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ iye tó wà nínú ṣíbí kan. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ike ẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì Parkinson yín, kẹ́ ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún un kó tó fi kún oògùn yín tàbí dín in kù.