Mo ti gba ìwé àṣẹ amateur radio: báwo ni mo ṣe máa bá ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mo ń gbé. Mo yege ìdánwò Foundation, ìdánwò àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, àmì ìpè mi sì ti dé, M7 ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra rédíò alágbèéká kan. Mo ń gbọ́ àwọn èèyàn dáadáa lórí repeater, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wa tó sì ń tún un gbé jáde kó lè lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, àyà mi á já. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo sì ń rò ó pé Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi ò ní yé wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ohun tó wù mí jù ni kí n bá Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ṣé rédíò ọwọ́ mi yìí lè dé ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wà lọ́kàn yín jù. Rédíò ọwọ́ yín kò lè dé ibẹ̀. Orí 145 MHz àti 433 MHz ni irú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìgbì orí ibẹ̀ sì máa ń lọ tààrà ni. Òkè, ilé gogoro àti bí ayé ṣe rí roboto á dá a dúró, bẹ́ẹ̀ Manchester sí Èkó ju 5,000 kìlómítà lọ. Ọ̀nà Nàìjíríà wà, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ará Stockport, Bolton àti Bury ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí máìkì lè mọ́ yín lára.

Ohun tí ẹni tó wà lódìkejì ń retí lọ́wọ́ yín kò pọ̀ rárá: àmì ìpè yín, orúkọ yín, àdúgbò tí ẹ wà, àti bí ẹ ṣe ń gbọ́ òun. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ gbé e síwájú yín. Ẹ̀rù lè mú kéèyàn gbàgbé àmì ìpè ara rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ wo bí ẹ ṣe to rédíò náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ tí wọ́n á sì rò pé àwọn èèyàn ò fẹ́ dá àwọn lóhùn ni. Repeater tó ń sọ̀rọ̀ sí yín lórí 145 MHz, 600 kHz nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ ló ti ń fetí sílẹ̀. Ó tún ń retí ohùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CTCSS, tí etí wa kì í sábà gbọ́. Bí ẹni kan ilẹ̀kùn ló rí. Bí rédíò yín kò bá fi ohùn náà ránṣẹ́, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, bó ti wù kí ẹ pariwo tó. Ìsọfúnni repeater kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí iye tó yẹ kí ẹ tẹ̀ sínú rédíò. Láti dán an wò, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ sọ àmì ìpè yín, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo díẹ̀ tàbí “píì” lẹ́yìn rẹ̀, repeater ti gbọ́ yín nìyẹn. Ẹ má kàn máa tẹ bọ́tìnnì láìsọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ó ń bí àwọn tó ń gbọ́ nínú, kò sì bá ìwé àṣẹ mu.

Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, ẹ sọ àmì ìpè yín kí ẹ fi “listening” kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn méjì bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ dúró de ìgbà tí ọ̀kan bá dákẹ́, kí ẹ sọ àmì ìpè yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á pè yín wọlé. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó lanu, torí repeater máa ń gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì ẹnu yín, ẹ má yí ohùn padà nítorí ẹnikẹ́ni. Torí kí elédè oríṣiríṣi lè gbọ́ ara wọn yé ni wọ́n ṣe ń lo Alpha, Bravo, Charlie dípò lẹ́tà A, B, C. Ẹ sọ ọ́ ní “Mike Seven”, kí ẹ fa lẹ́tà mẹ́ta tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kánjú. Ohùn ará Ítálì, ará Japan àti ará Brazil ń gba afẹ́fẹ́ kọjá lójoojúmọ́, tiyín náà kò ní ṣàjèjì.

Lẹ́yìn repeater, ẹ gbìyànjú 145.500, níbi tí a ti ń pe ara wa láìgba ibì kankan kọjá. Bí ẹnì kan bá dáhùn, ẹ kúrò níbẹ̀ lọ sí 145.475 tàbí ibòmíì tó ṣófo, kí àwọn mìíràn lè pe tiwọn. Òkè gíga ni oògùn rédíò kékeré. Ẹ gun Shining Tor lẹ́gbẹ̀ẹ́ Macclesfield lọ́jọ́ Sátidé kan, mítà 559 ni gíga rẹ̀, ẹ ó rí bí àwọn tí ẹ ò lè gbọ́ nínú yàrá yín ṣe máa dáhùn. Winter Hill sún mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀: àwọn òpó tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ńlá wà lórí rẹ̀, wọ́n sì lè di rédíò olówó pọ́ọ́kú létí.

Ó wá ku Nàìjíríà. Ẹ ó nílò rédíò HF, irú èyí tí ìgbì rẹ̀ lè lọ jìnnà. Ìgbì 14, 21 àti 28 MHz máa ń ta padà láti ionosphere, ìpele òfurufú tí oòrùn ń gbún ní kẹ́ṣẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀nà yìí ni pé Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ Britain gan-an, kò yà sí ìlà oòrùn púpọ̀. Ojúmọ́ mọ́ ní ìhà méjèèjì pa pọ̀, bandi 28 MHz sì lè ṣí lọ́sàn-án. Wátì 25 tí ìwé àṣẹ Foundation fàyè gbà tó, bí áńtẹ́nà bá dára. Wáyà méjì, mítà 2.5 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ta sókè dáadáa, ti tó fún 28 MHz.

5N ni àmì ìpè Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Benin ni TY, Togo ni 5V. Wọn kò pọ̀ lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà bí ọ̀kan bá jáde, ogunlọ́gọ̀ á dà bò ó. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ kí ẹ tó pè. Bí ó bá ní “up five”, 5 kHz lókè ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ ni kí ẹ ti pè é. Ìdíje CQ World Wide fún olóhùn, ní òpin oṣù kẹwàá, wúlò fún ẹni tuntun: “59”, ìyẹn ni pé ẹ ń gbọ́ ọ ketekete, àti nọ́ńbà àgbègbè yín, 14, ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ, 35 sì ni ti Nàìjíríà. Ọ̀sán Sunday ni kí ẹ jáde, nígbà tí àwọn olùdíje tó ní rédíò ńlá ti pe ọ̀pọ̀ èèyàn tán tí wọ́n ń wá ohùn tuntun.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, àkókò ní UTC (aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò), bandi, àmì ìpè. Nígbà òtútù, aago Manchester àti UTC dọ́gba. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yọ wákàtí kan. Bí ẹni tó wà ní 5N bá sì gbọ́ Yorùbá, ẹ fi Yorùbá kí i. Àmì ìpè nìkan ni kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.