Ìyá Ọkọ Mi Kì Í La Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀, Báwo Ni Màá Ṣe Mọ Ohun Tí Wọ́n Ń Fẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, nílé wa ohun tó bá ń dun èèyàn ló máa sọ, kò sí kọ́nà kọ́nà. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ní "Omi yìí mà ti ń hó o." Mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni mà", mo sì ń tẹ fóònù mi lọ. Nígbà tó dalẹ́ wọ́n sọ fún ọkọ mi pé mi ò ka àwọn sí, pé ebi ń pa àwọn, mo jókòó ti fóònù. Wọn ò sì sọ pé ebi ń pa wọ́n o! Ṣé èmi ni mo burú ni àbí àwọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Kò sẹ́ni tó burú níbẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbà sọ̀rọ̀ ni ò jọra, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí irú ẹ̀ níbi tí mo ti ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn.

Wo ọ̀rọ̀ omi yẹn dáadáa. Lẹ́nu ìyá tó ti ń rokà láti kékeré, "omi ti ń hó" túmọ̀ sí pé gbé èlùbọ́ wá, àkókò ti tó. Àmọ́ ṣé àgbàlagbà máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì aya ọmọ ẹ̀ kó máa tọrọ oúnjẹ ni? Ojú máa tì wọ́n. Tí wọ́n bá sì ní "dìde, lọ rokà", ó máa dà bíi pé wọ́n wá ń pàṣẹ fún ẹ nínú ilé ẹ. Nítorí náà wọ́n dá ọ̀rọ̀ sórí omi, kó lè jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ lo rántí. Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún o! Ìyẹn ló fi dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ò dìde, torí lójú tiwọn wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀yẹ, ìwọ lo kọ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí nípa àṣà, Edward Hall, ṣàlàyé lọ́dún 1976 pé àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ń kó gbogbo ìtumọ̀ sí, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ibi téèyàn dúró sí, àsìkò tó sọ ọ́, àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún ló ń gbé ìtumọ̀ jù. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́ kí Hall tó ṣàlàyé ẹ̀, àrokò ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kéèyàn fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n á so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ̀fà, pé ọkàn mi fà sí ẹ, tí ẹni yẹn náà bá gbà á dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Kì í ṣe pé gbogbo ará Èkó ló ń là á mọ́lẹ̀ tàbí pé gbogbo ará Òkè-Ògùn ló ń fọ̀rọ̀ pamọ́ o, nínú ilé kan náà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè yàtọ̀.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Tí màmá bá ti dá sọ̀rọ̀ nǹkan kan láìjẹ́ pé o bi wọ́n, gbé fóònù sílẹ̀, wo ibi tí ojú wọn wà. Tí wọ́n bá ní òjò ti ṣú, wo okùn ìsáṣọ kó o tó dáhùn. Ó lè jẹ́ òjò lásán ni wọ́n ń sọ, má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀ sídìí gbogbo gbólóhùn, ìyẹn náà máa ń kó èèyàn láyà sókè, àmọ́ tí wọ́n bá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń fẹ́ nǹkan kan nìyẹn. Má wá bi wọ́n pé "Ṣé ebi ń pa yín ni mà?", wọ́n máa ní rárá, ní gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ní rárá. Ohun tí wàá sọ ni "Màámi, ṣé kí n rokà ni àbí ẹ máa kọ́kọ́ mu ẹ̀kọ?" Wọ́n á mú ọ̀kan, ojú ò sì ní tì wọ́n.

Ọkọ ẹ ni inú ń bí mi sí díẹ̀. Òun ló gbọ́ èdè méjèèjì, òun ló dàgbà síbẹ̀, kò sì yẹ kó kàn máa gbé ẹjọ́ wá fún ẹ lálẹ́. Ní kó kọ́ ẹ ní irú ọ̀rọ̀ tí màmá máa ń sọ nígbà tó wà ní kékeré, ó mọ̀ wọ́n.

Màmá náà ní láti mọ bí ìwọ ṣe rí, má dákẹ́ ẹ. Má sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ara ń ta wọ́n. Láàárọ̀, tó o bá kúnlẹ̀ kí wọn tán, ní "Màámi, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé, mi ò gbọ́ ọ yé ni, tí ẹ bá rí i pé mi ò dìde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí kí ẹ sọ ọ́ fún mi, kò ní dùn mí." Lẹ́yìn náà gbé àpótí sí kíṣìnì fún wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń rokà n'Ísẹ́yìn hàn ẹ́.