Èsì: Ṣé olówó Átẹ́nì ń san owó orí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé ṣé òótọ́ ni pé ẹja làwọn olówó Gíríìsì àtijọ́ kàn ń jẹ, wọn kì í san owó orí. Ní Átẹ́nì, ìlú ńlá kan ní Gíríìsì, wọ́n ń san án o. Eisphora, ìyẹn owó ogun, orí olówó ló ń já lé. Tálákà ọmọ ìlú kì í dá sí i. Lọ́dún 428 ṣáájú ìbí Kristi, tálẹ́ńtì 200 ni wọ́n dá jọ (tálẹ́ńtì kan jẹ́ dírákímà 6,000, ìyẹn owó fàdákà wọn). Àlejò tó ń gbé ìlú ni wọ́n rẹ́ jẹ: ọkùnrin inú wọn, ìbáà jẹ́ òtòṣì, ń san dírákímà 12 lọ́dọọdún.

Èyí tó wù mí jù: bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan wá gbọ́ bùkátà ọkọ̀ ogun fún ọdún kan, ó lè ní lágbájá lówó ju òun lọ. Kí lágbájá gbà á ṣe, àbí kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ dúkìá!

Àwọn olówó ń fi owó pamọ́ ṣá, ṣùgbọ́n ọ̀fun kì í jẹ́ kó bò. Búrẹ́dì ni oúnjẹ gan-an, ẹja kàn ń bá a rìn ni. Ẹni tó bá ń dá ẹja jẹ, ọ̀kánjúwà ni lójú wọn. Ẹja gígùn bí ejò tó ń wá láti adágún Kopais ní Gíríìsì, àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń rà á. Ìdí nìyẹn tí Demosthenes, olóṣèlú Átẹ́nì, fi sọ ní kóòtù lọ́dún 343 ṣáájú ìbí Kristi pé Philocrates, olóṣèlú ẹgbẹ́ rẹ̀, ń ná owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sórí aṣẹ́wó àti ẹja.